Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Iyùn àti Ẹja Òkun Nínú Táǹkì Gíláàsì ní Ìlọrin

Iyùn inú òkun fẹ́ omi tí ìgbóná rẹ̀ wà láàárín 24°C sí 27°C, tí iyọ̀ rẹ̀ dúró sójú kan, tó sì ń ṣàn kiri lára rẹ̀ tọ̀sán-tòru. Ní oṣù Ẹrẹ́nà, pálọ̀ wa ní Adéwọlé, níbi tí táǹkì mi wà, máa ń gbóná tó 32°C kí ọ̀sán tó pọ́n tán, iná mànàmáná sì lè lọ láàárọ̀ kó má padà dé títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Àárín ohun méjèèjì yìí ni iṣẹ́ ẹni tó bá fẹ́ tọ́jú iyùn ní Ìlọrin, ní Ọ̀fà tàbí ní Òmù-Àrán wà. Owó tí a fi ra ẹja kọ́ ló ń mú iyùn pẹ́ láyé, ẹwà iná tí a gbé sórí táǹkì náà kọ́. Ohun tó ń mú un pẹ́ ni pé kí omi rẹ̀ má yí padà lójijì.

Ìwé àti fídíò tó pọ̀ jù lọ lórí iṣẹ́ yìí, àwọn ará ìlú olótùútù ló ṣe wọ́n. Wọ́n á ṣàlàyé hítà títí, wọn kò ní sọ ohun tí èèyàn yóò ṣe bí iná bá lọ fún wákàtí 14. Nítorí náà ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ ìtọ́sọ́nà yìí láti orí iná àti ooru, kí n tó dé orí ohun tí ojú ń fẹ́ rí.

Iyùn wo là ń sọ?

Lọ́jọ́ tí Àlàájà àdúgbò wa kọ́kọ́ wọlé wá wo táǹkì náà, wọ́n jókòó pẹ́ níwájú rẹ̀, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé iyùn tí àwọn ọba ń fi sọ́rùn náà nìyí? Èmi rò pé òkúta ni." Ìbéèrè tó dára ni, nítorí ohun tí wọ́n rò ni ọ̀pọ̀ nínú wa rò. Egungun ẹ̀dá kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Corallium rubrum ni iyùn pupa tí a fi ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀. Òkun Mẹditaréníà ló ti ń wá, níbi tí ìmọ́lẹ̀ kò ti pọ̀, a kì í sì í tọ́jú rẹ̀ nínú táǹkì bíi tiwa. Òkúta lántànà pupa tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ Ìlọrin ń dán di ìlẹ̀kẹ̀ láyé àtijọ́ tún yàtọ̀ pátápátá: òkúta gidi ni ìyẹn.

Iyùn inú táǹkì jẹ́ àwọn ẹranko kéékèèké tó so pọ̀ mọ́ ara wọn, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ẹnu, tí ọwọ́ wẹ́wẹ́ sì yí ẹnu náà ká. Inú ẹran ara wọn ni ewédò tíntìntín kan ń gbé. Ewédò yìí ń fi ìmọ́lẹ̀ ṣe oúnjẹ, púpọ̀ nínú oúnjẹ náà ni iyùn sì ń jẹ. Bí omi bá gbóná kọjá 30°C fún ọjọ́ mélòó kan, iyùn á lé ewédò náà jáde, ara rẹ̀ á funfun bí ẹfun, bí ewédò kò bá sì padà sínú rẹ̀, ebi ni yóò pa á.

Iná ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣètò

Kí ẹ tó ra gíláàsì rárá, ẹ ṣètò bí omi yóò ṣe máa ṣàn nígbà tí kò bá sí iná. Omi gbígbóná kì í gba ọ́síjìn púpọ̀ mọ́ra, ojú omi tí kò sì mì kì í fa afẹ́fẹ́ tuntun wọlé dáadáa. Bí póńpù bá dúró, ẹja, iyùn àti bakitéríà inú òkúta á jọ máa pín ìwọ̀nba ọ́síjìn tó kù, láàárín wákàtí díẹ̀ ẹja á ti máa mí hẹlẹ lójú omi. Iná orí táǹkì lè kú fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta láìṣe iyùn ní nǹkan kan. Póńpù tó ń ti omi kiri nìkan ni kò gbọdọ̀ sinmi.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Póńpù méjì oníwáàtì 10 ń jẹ wáàtì 20. Bátìrì olómi kan tó jẹ́ 12V, 100Ah, gbé agbára tó tó wáàtì-wákàtí 1,200. Ìdajì rẹ̀ ni kí ẹ fọkàn sí, nítorí bátìrì olómi tí a bá ń lò gbẹ kì í pẹ́ bàjẹ́. Wáàtì-wákàtí 600 yẹ kó gbé póńpù méjèèjì fún wákàtí 30, ṣùgbọ́n inverter fúnra rẹ̀ ń jẹ nínú rẹ̀, nítorí náà ẹ fi wákàtí 20 ṣe ìpinnu yín. Póńpù tó ń gba 12V tààrà láti ara bátìrì sàn ju èyí lọ.

Ẹ ya bátìrì náà sọ́tọ̀ fún táǹkì. Lọ́dún àkọ́kọ́, inverter tí gbogbo ilé ń lò ni mo gbẹ́kẹ̀ lé. A lọ síbi ìgbéyàwó ní Ọ̀fà ní ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù Ẹrẹ́nà, a gbàgbé fíríìjì sórí rẹ̀, bátìrì sì ti tán kí ọ̀sán tó pọ́n. Nígbà tí a wọlé ní agogo mẹ́sàn-án alẹ́, tẹmómítà ka 31.5°C, omi dúró bí omi inú kòtò, ẹja kan ti kú, àwọn tó kù gbé ẹnu sójú omi. Ní ọjọ́ kẹta, iyùn kan tó ti wà lọ́dọ̀ mi fún oṣù mẹ́wàá bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ kúrò lára egungun rẹ̀. Ẹran ara rẹ̀ ń já lọ nínú omi ní wẹ́wẹ́ bí ọ̀rá tó yọ́, egungun funfun nìkan ló kù nígbà tí ilẹ̀ fi mọ́. Láti ìgbà náà ni bátìrì kan ti wà lábẹ́ táǹkì tí ẹnikẹ́ni nínú ilé kò gbọdọ̀ fi ṣáàjì fóònù.

Ẹ tún ní póńpù afẹ́fẹ́ kékeré tó ń lo bátìrì tọ́ọ̀ṣì, nítorí ọjọ́ tí ohun gbogbo bá kọ̀. Jẹnẹrétọ̀ gbọ́dọ̀ jìnnà sí fèrèsé. Èéfín rẹ̀ ń pa èèyàn kó tó kan ẹja.

Táǹkì àti ibi tí yóò dúró sí

Fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀, táǹkì tó gùn ní 100 sẹ̀ǹtímítà, tó fẹ̀ ní 50, tó sì ga ní 40 ni mo fọwọ́ sí. Yóò gba lítà 200. Bí òkúta àti iyanrìn bá wọ inú rẹ̀ tán, omi tí yóò kù kò ní ju bíi lítà 170 lọ, iye yìí ni kí ẹ sì máa fi ṣe gbogbo ìṣirò yín. Táǹkì kékeré máa ń wu èèyàn nítorí owó, ṣùgbọ́n omi díẹ̀ ni ooru ń tètè mú, òun náà ni iyọ̀ rẹ̀ ń tètè ga.

Àwọn agégíláàsì wa lè kan án pẹ̀lú gíláàsì mílímítà 10. Ẹ béèrè irú sílíkónì tí wọ́n fẹ́ fi lẹ̀ ẹ́, nítorí èyí tí a ṣe fún ilé ìwẹ̀ sábà máa ń ní oògùn tí kì í jẹ́ kí ara ògiri bu, oògùn náà á sì pa ohun abẹ̀mí inú táǹkì. Ẹ bu omi kún un níta fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ tó gbé e wọlé. Omi, òkúta àti gíláàsì á lé ní 250 kílò, nítorí náà ìsàlẹ̀ ilé ni kó wà, lórí irin tí wẹ́dà jó dáadáa tí a sì fi ọ̀dà bò, torí iyọ̀ kì í pẹ́ jẹ irin. Kó jìnnà sí fèrèsé tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń gbà wọlé. Àwọ̀n ni kí ẹ fi bo orí rẹ̀, kì í ṣe gíláàsì: ẹja òkun máa ń fò, àwọ̀n á dá a padà, ooru á sì ríbi gbà jáde.

Omi àti iyọ̀

Èrò tó kọ́kọ́ ń wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ èèyàn ni pé kí a lọ bu omi òkun wá láti Èkó. Mi ò gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Omi etí òkun tó wà lẹ́bàá ìlú ńlá ń ru ìdọ̀tí, epo àti omi odò tó já sínú rẹ̀, iyọ̀ rẹ̀ kò sì dọ́gba nígbà òjò àti nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Irú omi odò àti ẹrẹ̀ bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tí kò jẹ́ kí òkìtì iyùn ńláńlá wà ní etí òkun tiwa bí ó ṣe wà ní Òkun Pupa tàbí ní Indonéṣíà. Iyọ̀ tí a dìídì ṣe fún táǹkì iyùn ni kí ẹ rà. Iyọ̀ ọbẹ̀ kò ní kálísíọ̀mù àti màgnẹ́síọ̀mù tó tó fún iyùn láti fi mọ egungun.

Omi tí a ó fi pò ó gba àkíyèsí ju iyọ̀ lọ. Inú àpáta ni omi kànga àti omi bọ́họ̀ọ̀lù wa ti ń wá, ohun púpọ̀ ló sì ti yòrò sínú wọn; omi ẹ̀rọ láti ìsédò Àsà ní kùlóríìnì nínú. Omi inú ọ̀rá dára fún mímu, ṣùgbọ́n ẹ ki mítà TDS, èyí tó ń ka ìwọ̀n ohun tó ti yòrò sínú omi, bọ̀ ọ́, ẹ ó rí i pé kò ka òdo, bẹ́ẹ̀ òdo ni a fẹ́. Ẹ̀rọ tí ń sẹ́ omi, èyí tí à ń pè ní RO/DI, ló lè fún yín ní òdo. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé omi táǹkì orí òpó kò lágbára tó láti ti ẹ̀rọ náà: gíga mítà 10 ni yóò fúnni ní bar 1 (bar ni òṣùwọ̀n agbára tí omi fi ń ti nǹkan), ẹ̀rọ náà sì ń fẹ́ bar 3 sí 4. Ẹ gbọ́dọ̀ ra póńpù tí yóò máa ti omi wọ inú rẹ̀. Fún lítà kan tó mọ́, bíi lítà mẹ́ta tàbí mẹ́rin á dà nù. Ti ilé wa, aṣọ ni à ń fi fọ̀.

Ẹni tí kò bá tíì lágbára ẹ̀rọ náà lè máa ra omi tí àwọn oníbátìrì ń lò, ṣùgbọ́n kó ṣọ́ra gidigidi, nítorí irú jálá kan náà lórí tábìlì kan náà ni wọ́n ń gbé omi àti ásíìdì sí. Kó ra èyí tí wọ́n dì pa láti ilé iṣẹ́, kó sì fi mítà wò ó kó tó lò ó. Ásíìdì á ta mítà náà sókè lójú ẹsẹ̀.

Gíráàmù 35 iyọ̀ nínú kílò omi kan ni ìwọ̀n òkun, refractometer, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tí a ń gba ojú rẹ̀ wo iyọ̀, á sì kà á sí 1.026. Omi ni kí ẹ kọ́kọ́ bù sínú garawa, kí ẹ tó máa da iyọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀, nítorí bí ẹ bá da omi lé iyọ̀ lórí, apá kan á dì funfun sísàlẹ̀, kò sì ní yòrò mọ́. Ẹ jẹ́ kí póńpù kékeré máa rò ó títí di ọjọ́ kejì, kí ẹ tó lò ó.

Òkúta, àti sùúrù ọ̀sẹ̀ mẹ́fà

Ní 1961, Lee Chin Eng, ẹni tó ń gbé ní Jakarta, kọ̀wé nípa bí ó ṣe ń tọ́jú ẹja òkun àti iyùn pẹ̀lú ohun díẹ̀: òkúta láti inú òkun pẹ̀lú gbogbo ohun abẹ̀mí ara rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ oòrùn, àti afẹ́fẹ́ tó ń hó sókè nínú omi. Inú mi máa ń dùn bí mo bá rántí rẹ̀, nítorí ìlú olóoru bíi tiwa ló ti ṣe é. Òkúta ṣì ni ìpìlẹ̀ iṣẹ́ náà. Nínú ihò rẹ̀ ni bakitéríà ń gbé, tó ń sọ amóníà inú ìgbẹ́ ẹja di nitrite, tí òmíràn sì ń sọ nitrite di nitrate. Amóníà ń pa ẹja, nitrate díẹ̀ kì í pa á.

Òkúta gbígbẹ bíi 20 kílò tó fún táǹkì wa yìí. Ẹ tò ó bí ẹni mọ ààrò, kí ihò wà láàárín rẹ̀, kí omi lè ráyè kọjá. Iyanrìn aragonite, ìyẹn iyanrìn oníkálísíọ̀mù, ni kí ẹ tẹ́ sísàlẹ̀. Iyanrìn odò Àsà kò yẹ, nítorí ẹ̀yin kò mọ irin tàbí ìdọ̀tí tó bá a wá. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ da omi iyọ̀ sí i, kí ẹ tan póńpù, kí ẹ kán amóníà sí i títí yóò fi tó mílígíráàmù 2 nínú lítà kan, kí ẹ sì dúró. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà ló máa ń gbà. Nígbà tí ẹ bá fi irú ìwọ̀n yẹn sí i lóní, tí amóníà àti nitrite sì di òdo lọ́la, táǹkì ti ṣetán. Ìdọ̀tí aláwọ̀ ilẹ̀ á bo iyanrìn ní àkókò kan. Ẹ má bẹ̀rù, ẹ má sì da oògùn sí i. Ìgbín òkun mélòó kan á jẹ ẹ́ tán.

Skimmer, tó ń fi ìfófòó kó ìdọ̀tí kúrò kó tó jẹrà, wúlò púpọ̀, ó sì tún ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú omi. Ẹ rà á bí agbára bá wà.

Ooru

Fáànù kékeré méjì tó ń fẹ́ sórí omi ni ohun èlò tó wúlò jù lọ nínú ilé mi. Bí omi ṣe ń fò lọ ni ooru ń bá a lọ, èyí sì lè mú ìgbóná omi wálẹ̀ ní ìwọ̀n 2 sí 3. Ẹ tún yí àkókò iná orí táǹkì padà. Iyùn ń fẹ́ ìmọ́lẹ̀ fún wákàtí 8 sí 10 lóòjọ́, ṣùgbọ́n kò bìkítà bóyá ọ̀sán wa ni tàbí òru wa. Èmi ń tan tèmi láti agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ di agogo kan òru. Ooru iná kì í bá ooru ọ̀sán pàdé, èmi náà sì ń wà nílé láti wò ó.

Bí omi bá ṣì kọjá 28.5°C, ẹ fi ìgò oníke tí omi inú rẹ̀ ti dì sójú táǹkì, kí ìdérí rẹ̀ le dáadáa, ẹ má sì jẹ́ kí omi wálẹ̀ ju ìwọ̀n 1 lọ láàárín wákàtí kan. Ẹni tó bá fẹ́ tọ́jú iyùn líle bíi Acropora gbọ́dọ̀ ra ẹ̀rọ ìmúmitutù, tàbí kó gbé táǹkì sínú yàrá tó ní ẹ̀rọ amúlétutù. Èmi kò tíì rí ọ̀nà mìíràn tó dá mi lójú fún oṣù Ẹrẹ́nà àti Igbe.

Ọyẹ́ mú ìyọnu tirẹ̀ wá. Lóru oṣù Ọ̀pẹ̀ àti Ṣẹ́rẹ́, òtútù lè mú omi tutù ju bó ṣe yẹ lọ, hítà oníwáàtì 100 tí a yí sí 25°C á sì ṣiṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n gbígbẹ ló léwu jù. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ máa ń mu omi táǹkì bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ. Omi nìkan ló ń lọ, iyọ̀ kì í bá a lọ. Bí lítà 10 bá lọ nínú 170, ìwọ̀n iyọ̀ á ti kúrò ní 35, á ti lé ní 37. Ẹ fi téèpù ṣe àmì sára gíláàsì níbi tí omi yẹ kó dé, ẹ sì máa fi omi mímọ́ aláìníyọ̀ dí ohun tó bá dín, láàárọ̀ àti lálẹ́. Ẹ nu eruku ọyẹ́ kúrò lójú iná orí táǹkì pẹ̀lú.

Iyùn àti ẹja dé

Èkó ni ọ̀pọ̀ ẹja òkun àti iyùn tí à ń rà ti ń wá, ìrìn náà sì tó bíi 300 kìlómítà. Òru tàbí ìdájí ni kí wọ́n rìn, nínú kúlà, kí ooru ọ̀nà má bàa mú wọn. Àṣà tí a máa ń rí kà ni pé kí a máa kán omi táǹkì sínú ọ̀rá ẹja fún wákàtí kan. Fún ìrìn gígùn, ó léwu. Nínú ọ̀rá tí a dì pa, amóníà ti pọ̀, ṣùgbọ́n kábọ́ọ̀nù dáyọ́ọ́sáìdì tí ẹja mí síta ń mú omi náà kan díẹ̀, amóníà kò sì lè ṣọṣẹ́ púpọ̀. Bí a bá tú ọ̀rá, afẹ́fẹ́ náà á jáde, ìkan omi á dín, amóníà á di májèlé gidi. Ohun tí mo ń ṣe ni pé mo fi ọ̀rá náà lé ojú omi láìtú u fún 20 ìṣẹ́jú kí ìgbóná wọn lè dọ́gba. Mo ti ní kí ẹni tó tà á sọ ìwọ̀n iyọ̀ tirẹ̀ fún mi ṣáájú, mo sì ti po omi yàrá ìsémọ́ bá a mu. Mo tú ọ̀rá, mo fi àwọ̀n gbé ẹja, mo da omi ọ̀rá nù.

Yàrá ìsémọ́ tí mo wí yìí jẹ́ táǹkì kékeré mìíràn, lítà 40 sí 60, níbi tí ẹja tuntun ń gbé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ó kéré tán. Àìsàn ẹlẹ́fun-wẹ́wẹ́, tí kòkòrò Cryptocaryon irritans ń fà, á fara hàn níbẹ̀ bí iyọ̀ tí a wọ́n sí i lára. Ibẹ̀ nìkan la ti lè fi oògùn oníkọ́pà tọ́jú rẹ̀. Kọ́pà nínú táǹkì ńlá á pa iyùn, edé àti ìgbín run. Bí àìsàn náà bá ti wọ táǹkì ńlá, gbogbo ẹja ni kí ẹ kó jáde, kí ẹ fi í sílẹ̀ láìsí ẹja fún ọjọ́ 76, kí kòkòrò náà lè kú nítorí kò rí ara ẹja gbé.

Ẹja clownfish méjì, Amphiprion ocellaris, èyí tí a bí sínú táǹkì tí kì í ṣe èyí tí a kó ní òkun, ló dára láti fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n lágbára, wọn kì í ṣe oníjà púpọ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni kí ẹ tó fi òmíràn kún un. Àwọn ọmọdé á bẹ̀ yín fún ẹja búlúù onírù ofeefee náà, Paracanthurus hepatus. Ẹ má rà á, nítorí ó lè gùn tó 30 sẹ̀ǹtímítà, táǹkì yìí sì kéré fún un. Ìwọ̀nba oúnjẹ tí wọ́n lè jẹ tán láàárín ìṣẹ́jú méjì, lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́, ti tó.

Ní ti iyùn, èyí tó rọ̀ ni kó ṣáájú: Sarcophyton tó rí bí olú, Discosoma tó tẹ́ pẹrẹsẹ, àti zoanthid tó rí bí bọ́tìnnì tó so pọ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin ni Euphyllia, iyùn tó ní egungun líle, lè tẹ̀ lé e. Kí ó fi 15 sẹ̀ǹtímítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ jìnnà sí iyùn mìíràn, nítorí lóru ó máa ń na ọwọ́ gígùn jáde láti ta aládùúgbò rẹ̀. Acropora, kó di ọdún kejì. Ẹ béèrè fún ègé iyùn tí wọ́n gbìn nínú táǹkì, nítorí gbogbo iyùn olókùúta wà lábẹ́ CITES, àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè jọ ṣe lórí òwò ẹranko àti ewéko tó lè run, ìwé àṣẹ sì gbọ́dọ̀ bá èyí tó ń ti òkè òkun wá. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti awò ojú bí ẹ bá ń fọwọ́ kan zoanthid: òmíràn nínú wọn ní palytoxin, májèlé tó lè ṣe èèyàn léṣe gidi, nítorí náà ẹ kò gbọdọ̀ se òkúta tó wà lára rẹ̀ nínú omi gbígbóná láé.

Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan

Ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀, mo máa ń fa omi táǹkì sínú ìgò kékeré, mo kán oògùn àwọ̀ sí i, omi náà á di búlúù. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń kán oògùn kejì sí i ní ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan, mo ń mì ín, mo gbé e sí iwájú bébà funfun, títí ẹ̀kán kan yóò fi bọ́ sínú rẹ̀ tí búlúù náà á sì di pupa rẹ́súrẹ́sú lẹ́ẹ̀kan náà. Iye ẹ̀kán yẹn ló ń sọ alkalinity, ìyẹn ìwọ̀n èròjà kábọ́néètì tí iyùn fi ń mọ egungun, mo sì ń kọ ọ́ sínú ìwé pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀. Bí ẹ kò bá lè wọn nǹkan mìíràn, ẹ wọn èyí. Ó yẹ kó wà láàárín 8 sí 9 dKH, òṣùwọ̀n tí a fi ń ka alkalinity, kó má sì rìn ju ìwọ̀n 1 lọ lọ́jọ́ kan. Kálísíọ̀mù, 400 sí 450; màgnẹ́síọ̀mù, 1,250 sí 1,350; nitrate, 5 sí 10; fọ́sféètì, 0.03 sí 0.1, gbogbo wọn ní mílígíráàmù nínú lítà kan. Nitrate àti fọ́sféètì tó di òdo pátá kò dára, iyùn á rù.

Bí alkalinity bá wálẹ̀, baking soda tí a fi ń ṣe àkàrà òyìnbó lè gbé e sókè. Gíráàmù 5 nínú lítà 170 á gbé e ní ìwọ̀n 1. Ẹ kọ́kọ́ yòrò rẹ̀ sínú omi mímọ́, kí ẹ tó máa rọ̀jò rẹ̀ síbi tí omi ti ń ṣàn. Ẹ ka ara páálí dáadáa: baking powder kì í ṣe ohun kan náà, ó ní ásíìdì nínú. Kán-ún náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìbátan rẹ̀ ni, ilẹ̀ ni wọ́n ti wà á, ìdọ̀tí inú rẹ̀ kò ṣeé mọ̀. Fún kálísíọ̀mù, bíi gíráàmù 6 calcium chloride dihydrate nínú lítà 170 kan náà á gbé e sókè ní mílígíráàmù 10 nínú lítà kan. Ẹ má da méjèèjì sí i pa pọ̀, omi á funfun bí ẹ̀kọ, èròjà náà á sì ṣòfò.

Lẹ́yìn èyí ni pípààrọ̀ omi. Ẹ fi rọ́bà fa bíi lítà 20 jáde lọ́sẹ̀, kí rọ́bà náà máa fa ìdọ̀tí ojú iyanrìn lọ, kí ẹ sì da tuntun tí ìgbóná àti iyọ̀ rẹ̀ bá ti inú táǹkì mu padà. Gíráàmù 720 sí 760 iyọ̀ ló máa ń lọ sí i, gẹ́gẹ́ bí ara àpò bá ṣe sọ. Ẹ má da omi iyọ̀ náà sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí ewédú ẹ̀yìnkùlé, yóò pa á. Gọ́tà ni kó gbà.

Ohun inú ilé tí ń pa wọ́n

Oògùn ẹ̀fọn tí a ń fín ni olórí ọ̀tá. Ìwọ̀nba tó bọ́ sójú omi lè pa gbogbo edé àti akàn inú táǹkì. Ẹ gbé àwọ̀n sójú fèrèsé pálọ̀, kí ẹ má fín ohunkóhun níbẹ̀ mọ́. Ọwọ́ tó ti fi òrí tàbí ìpara pa ara kò gbọdọ̀ wọ inú táǹkì; ẹ fi omi fọ̀ ọ́ títí dé ìgbọ̀nwọ́, láìlo ọṣẹ olóòórùn. Garawa táǹkì kò gbọdọ̀ kan ọṣẹ ìfọṣọ rí.

Bí ẹ bá ń rin ìrìn àjò, ẹ kọ iṣẹ́ sílẹ̀ fún ẹni tí yóò dúró tì í. Nígbà ọyẹ́ kan, àbúrò mi tí mo fi ṣọ́ táǹkì fi omi iyọ̀ dí omi tó dín, nítorí ó rò pé omi òkun ni omi òkun, ọjọ́ márùn-ún ló sì fi ṣe é kí n tó dé. Èmi ni mo jẹ̀bi, n kò ṣàlàyé fún un. Nísinsìnyí, ìgò omi mímọ́ ní téèpù funfun, ti iyọ̀ ní téèpù pupa, mo sì máa ń pín oúnjẹ ẹja sínú ọ̀rá kéékèèké, ọ̀kan fún ọjọ́ kan, kó má bàa di pé àánú á mú un fún wọn ní méjì. Ìwé kan wà lára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì, ó ní ìlà mẹ́rin: fi omi téèpù funfun dí i dé àmì, ọ̀rá oúnjẹ kan lóòjọ́, bí iná bá lọ, rí i pé póńpù orí bátìrì ń ṣiṣẹ́, bí ohunkóhun bá rú ọ lójú, má da nǹkan kan sínú omi, pè mí.